Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Tú Sítíárì

Ní ọdún tí ojú bàbá mi ṣókùnkùn tán, ilé wa ní Gàmbàrí kò dákẹ́ rárá; bàbá mi nìkan ló dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ti máa gbá àgbàlá, ìró ìgbálẹ̀ rẹ̀ á máa lọ ṣàà, ṣàà, títí á fi dé ẹnu ọ̀nà yàrá wa. Bí ìgbálẹ̀ bá dákẹ́, àwọn àgbò tí a so mọ́ ẹ̀yìn ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ebi ń pa àwọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ kéwú ilé Alfa tó múlé tì wá á gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tí èèyàn kò ní í mọ ẹni tó ń kà á re yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń la ẹnu. Àwọn obìnrin tó ń kiri wàrà á máa na ohùn bọ̀ láti títì, ẹ̀rọ ìránṣọ á máa sáré nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó kọjú sí wa, ìyá mi á máa da òróró sínú páànù, mọ́sà á sì máa ké ṣíì bó ṣe ń ṣubú sínú rẹ̀. Nínú gbogbo ariwo wọ̀nyí, ohùn kan ṣoṣo tí mo máa ń tẹ́tí sí ni ohùn bàbá mi, n kò sì ń gbọ́ ọ. Rédíò ló ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá rẹ̀.

Mẹ́káníìkì ni bàbá mi. Abẹ́ igi dóńgóyárò kan ní Ọ̀fà Garage ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tú ẹ́ńjìnnì, tó sì tò ó padà. Òórùn ọ́ìlì ni mo fi mọ̀ ọ́n láti kékeré. Bó bá ti ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́, á kọ́kọ́ lọ bá ìkòkò omi, á fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, á ṣe àlùwàlá, ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹnikẹ́ni nínú wa tó lè dì mọ́ ọn. Àìsàn ojú tó mú un kò dùn ún, kò sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ìríran rẹ̀ bọ̀ wá sí àárín. A kàn ń rí i pé ó ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn, pé ó ń ta àwo omi dànù, a sì ń bá a rẹ́rìn-ín sí i, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ní ìfúnpá omi inú ẹyinjú ló ti ba iṣan ojú jẹ́, pé ohun tó ti lọ kò lè padà mọ́. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ó gbé àpótí irin tí irinṣẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ wá sílé, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi àgádágodo sí i, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ okùn ṣòkòtò ara rẹ̀. Látìgbà náà, ó di pé kó kírun, kó jẹun, kó gbọ́ rédíò, kó sùn. Bí Ìyá Àgbà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní, "Àlàbí, jáde wá gba atẹ́gùn díẹ̀," á dáhùn pé, "Ó dáa, Ìyá," kò sì ní í jáde.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ pupa kan ló fi sílẹ̀ fún ìyá mi. Òun fúnra rẹ̀ ló rà á nígbà tí iwájú rẹ̀ ti rún, tó sì tún un ṣe títí tí èèyàn kò fi lè mọ̀ pé ó fìgbà kan forí sọ nǹkan. Ó ti kọ́ ìyá mi ní ọkọ̀ wíwà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn, lórí pápá kan tí wọn kò tíì kọ́lé sí nígbà yẹn, ìyá mi sì máa ń sọ pé òun sunkún dáadáa lórí pápá náà. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọkọ̀ yẹn ló ń bọ́ wa. Ìyá mi ń fi í gbé àwọn ọmọ àdúgbò lọ sí ilé ìwé ní Fate láràárọ̀, á sì lọ kó wọn ní ọ̀sán. Èmi Mémúnà ni mo máa ń jókòó síwájú, nítorí pé èmi ni ọmọ onímọ́tò. Ìyá mi kì í ṣe ẹni gíga. Ó máa ń ká aṣọ sábẹ́ ìdí kó tó lè rí títì dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ sì tinrín. Ọwọ́ yẹn kan náà ló fi ń di irun fún gbogbo obìnrin agbo ilé wa, ìlà tó máa ń là sórí ẹni kì í wọ́ rárá. Ṣùgbọ́n kò di sípánà mú rí láyé rẹ̀.

Fèrè ọkọ̀ náà ló kọ́kọ́ ṣíwọ́. Iná pupa kékeré kan tàn níwájú ẹni tó ń wakọ̀, kò sì kú mọ́. Bí ìyá mi bá tẹ àárín sítíárì, kò sí ìró kankan. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀, a fi ṣe ẹ̀rín. Ìyá mi á yọ orí láti ojú fèrèsé, á máa ké pé, "Ẹ jọ̀ọ́ o! Ẹ yà fún wa o!" èmi àtàwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn á sì máa bá a ké é, kódà a ń bẹ àwọn àgùntàn tó dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà. Ọ̀nà inú Gàmbàrí kò fẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé fèrè ni èèyàn fi ń wa ọkọ̀ níbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí a ń bọ̀ láti Fate, ọmọdékùnrin kan ju bọ́ọ̀lù sójú ọ̀nà, ó sì sáré tẹ̀ lé e láì wo ibì kankan. Ìyá mi tẹ fèrè, kò ké. Ó tẹ búréèkì. Ọkọ̀ náà dúró nígbà tí iwájú rẹ̀ ti kan aṣọ ọmọ náà. Ọmọ náà gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó wò wá, ó sá lọ. Kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n ìyá mi rọra wa ọkọ̀ náà bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn títí tí a fi délé. Nígbà tó gbé ọkọ̀ sí ẹ̀bá ògiri àgbàlá wa, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì sọ sí gbogbo etí pé, "Wálàhì, mi ò ní í gbé ọmọ ọlọ́mọ kankan mọ́ títí fèrè yìí á fi ké." Bàbá mi gbọ́. Rédíò rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún ròkè.

Ní Sátidé, Múfú dé. Múfú ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ bàbá mi tẹ́lẹ̀, ó ti gba òmìnira, ó ti fẹ́yàwó, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, ó kàn máa ń kánjú ni. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá Àgbà, ó lọ kí bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá, bàbá mi dáhùn ní ṣókí, ó sì padà sídìí ọkọ̀. Ó ṣàlàyé fún ìyá mi pé wáyà pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn sítíárì, tó ká bí ẹni pé wọ́n ká ríbọ́ọ̀nù, òun ló ń gbé iná lọ sí fèrè, ó jọ pé ó ti já, àfi ká tú sítíárì ká tó lè débẹ̀. Ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó, ó fi ẹnu sikurudiráfà bọ ẹ̀gbẹ́ ìdérí tó wà láàrin sítíárì, ó sì gbé hámà. Mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ pẹ̀lú Ìyá Àgbà nígbà náà. Mo gbọ́ ìró hámà náà lẹ́ẹ̀kan: kò! Kí ó tó lu èkejì, ohùn kan bú jáde láti inú ilé, tí ẹ̀wà fi dà nù lọ́wọ́ mi.

"Ta ló ń lu ọkọ̀ yẹn?"

Múfú fò, hámà sì bọ́ sórí àtàǹpàkò ara rẹ̀. Bí ó ṣe ń pariwo ni bàbá mi yọ sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, tó fi ọwọ́ kan tẹ ara ògiri. N kò rántí ìgbà tí mo ti rí i ní ìta nínú oòrùn kẹ́yìn.

"Múfú, kí lo fi ń lù ú?"

"Hámà àti sikurudiráfà ni, sà. Mo fẹ́ fi ṣí ìdérí rẹ̀ ni."

"Ṣé o ti tú báàtìrì?"

Múfú wo ìyá mi, ó wo ọwọ́ tó ń dùn ún. "Rárá, sà."

"Sọ̀ kalẹ̀."

"Ọ̀gá, kò pẹ́ mọ́, ó ti fẹ́ ṣí..."

"Mo ní kí o sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn! Ṣé o fẹ́ kí ó bú gbàmù mọ́ ọ lójú ni? Ṣé ojú ẹnì kan kò tó nínú ilé yìí ni?"

Látìgbà tí ojú rẹ̀ ti lọ, bàbá mi kò sọ ọ́ rí. Àwa náà kò sọ ọ́. A máa ń ní "ara Bàbá kò yá" ni. Múfú rọra jáde nínú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ tó ṣe léṣe sábẹ́ abíyá. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ ra ara rẹ̀ padà, ó dìde, ó lọ gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òrí, ó sì ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, wá gbé ọwọ́ rẹ síbí." Bàbá mi dúró síbẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn tó rọlẹ̀. Ó ní àpò kan wà lábẹ́ ìdérí yẹn, tí wọ́n ká pọ̀, ẹ́ábáàgì ni wọ́n ń pè é. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, àpò náà á bú jáde kí onímọ́tò má baà fi àyà gbá sítíárì. Ohun tó ń tì í jáde dà bí ẹ̀tù ìbọn. Tí iná bá ṣì ń bọ̀ láti inú báàtìrì, tí èèyàn wá lọ ń fi hámà gbá a, á bú mọ́ onítọ̀hún lójú. Ó ní òun rí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ní Ọ̀fà Garage, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò tò padà bó ṣe wà.

Múfú ní kí òun ránṣẹ́ pe mẹ́káníìkì mìíràn. Bàbá mi ní, "Èwo? Òmíràn tó máa gbé hámà wá?" Ìgbà yẹn ni ìyá mi, tó ti ń wo gbogbo wa láti ẹ̀yìn ọkọ̀, fa híjáàbù rẹ̀ sẹ́yìn, ó so ó mọ́ ọrùn, ó sì ní:

"Bàbá Mémúnà, kí ni wọ́n fi ń tú u tí kì í ṣe ọwọ́? Ẹ sọ ọ́, kí n ṣe é."

"Ìyá Mémúnà, iṣẹ́ yẹn kì í ṣe eré."

"Ta ló pè é ní eré? Bí ẹ bá sọ pé kí n dúró, màá dúró. Bí ẹ bá sọ pé kí n yí i, màá yí i. Ẹ kàn má dákẹ́ ni."

Mo ti dàgbà ju bí ìyá mi ṣe rí nígbà yẹn lọ báyìí, mo sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu oríṣiríṣi èèyàn, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ èyí tó wọ̀ mí lára bí gbólóhùn yẹn: ẹ kàn má dákẹ́ ni. Bàbá mi fọwọ́ wá okùn ṣòkòtò rẹ̀, ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò níbẹ̀, ó nà án síwájú, ó ní ká lọ fa àpótí wá.

A fà á wá, ó wúwo bí òkúta. Wọ́n gbé àga fún bàbá mi sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, àpótí náà wà láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó ṣí i, òórùn ọ́ìlì bo gbogbo wa, mo sì rí i tí Ìyá Àgbà yí ojú sí ibòmíràn. Bàbá mi ń fọwọ́ kan àwọn irinṣẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, á gbé ọ̀kan, á fi àtàǹpàkò yẹ ẹnu rẹ̀ wò, á gbé e sílẹ̀, á mú òmíràn. Ó yọ sípánà, ó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń yí i, ó sì yọ irin kan tó dà bí àjàgà kékeré, tó ní ihò ní apá méjèèjì àti bóòtù ńlá kan láàrin. Ó gbé e sókè sí apá ibi tó gbọ́ ohùn Múfú. "Púlà nìyí. Torí èyí ni kò fi sí ohun tí hámà fẹ́ ṣe nídìí sítíárì. Hámà á ba òpó tó gbé sítíárì dúró jẹ́. Púlà á fà á jáde bí ìgbà téèyàn ń fa eyín."

Ó ní kí ìyá mi kọ́kọ́ rí i pé táyà iwájú kọjú síwájú gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ, kó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kó wá ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Ìyá mi tú wáyà báàtìrì, ti odì, èyí tó dúdú, ni àkọ́kọ́, ó sì fi àkísà wé ẹnu rẹ̀ kó má baà fara kan irin. Ó nu ọwọ́ mọ́ híjáàbù rẹ̀, ó ní, "Ó yá, kí ló kàn?"

"Oúnjẹ ló kàn," ni bàbá mi wí.

A wò ó. Ó ní iná díẹ̀ máa ń kù sínú ohun tó ń bú ẹ́ábáàgì náà kódà bí wọ́n bá ti tú báàtìrì, àfi kí wọ́n fún un láyè kó rọ̀ tán. Ó ní ẹni tí kò bá ní sùúrù ìyẹn kó má dé ìdí rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo wa jókòó. Ìyá Àgbà gbé mọ́sà àti wàrà díndín jáde, Múfú fi ọwọ́ kan ṣoṣo jẹ tirẹ̀, bàbá mi sì jẹun níta pẹ̀lú wa. Ó jẹ púpọ̀. Ó ń sọ ìtàn ọkọ̀ kan tó kú sójú ọ̀nà Ọ̀fà, tí àwọn èrò inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti tì í, tí ọkọ̀ náà ṣáná, tí dírẹ́bà sì gbàgbé wọn síbẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín tí omi fi jáde lójú rẹ̀. Lónìí tí mo bá rántí, mo mọ̀ pé kì í ṣe ìtàn yẹn nìkan ló ń pa á lẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn tí a jẹun tán, ìyá mi wọlé sínú ọkọ̀. Bàbá mi ní kó fa àga sẹ́yìn, kó má gbé ojú sí àárín sítíárì, kó wá bóòtù ní ẹ̀yìn rẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó rí wọn, ó tú wọn. Ìdérí náà rọ̀. Ó fà á díẹ̀, ó rí wáyà tó ní orí àwọ̀ ìyeyè, ó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wáyà náà bọ́. "Gbé e bí ọmọ tuntun," ni bàbá mi wí, "kí ojú rẹ̀ kọ sí ìta, kí ó má kọ sí àyà rẹ. Gbé e sórí ibi tó tẹ́jú, kí ojú rẹ̀ wà lókè. Tí a bá da ojú rẹ̀ bolẹ̀ tó bá wá bú, á fò." Ìyá mi gbé ẹ́ábáàgì náà kọjá níwájú wa láì yára, ó tẹ́ ẹ sínú yàrá ìkẹ́rùsí tí kò sí ẹni tó ń wọ̀ ọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ kéwú ti tú nígbà náà, wọ́n ti to ara wọn sórí ògiri, Alfa fúnra rẹ̀ sì dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run.

Nọ́ọ̀tì àárín le. Ìyá mi fi sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, ó fi ọwọ́ òsì di sítíárì mú, ó fi ọ̀tún fa ọ̀pá gígùn náà, iṣan ọrùn rẹ̀ sì dìde. Ó yẹ̀. Bó ṣe ń yí i lọ ni bàbá mi ń fi etí kà á, lójijì ó ní, "Dúró! Má tú u tán. Jẹ́ kó kù díẹ̀ lórí okùn rẹ̀, ìlà wínníwínní tó fi ń yí. Tí sítíárì bá já lójijì, nọ́ọ̀tì yẹn ló máa dá a dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnu rẹ ló ń bọ̀." Lẹ́yìn náà, ó ní kó sàmì sí òpó àti sítíárì níbi tí wọ́n ti pàdé, kí ó lè dá a padà bó ṣe wà. Ìyá mi ní òun á fi ṣọ́ọ̀kì ṣe é. Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀kì á parẹ́. Ìyá mi rántí kúté pupa tí wọ́n fi ń kun èékánná, tó kù láti ìgbà ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, mo lọ mú un wá, ó sì fi fa ìlà kan tó tọ́ gan-an, bíi ti orí àwọn tó ń dirun fún.

Ibi púlà ni iṣẹ́ ti fẹ́ bàjẹ́. Ìyá mi gbé e lé e, ṣùgbọ́n bóòtù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò wọ inú ihò sítíárì. Ó gbìyànjú ọ̀kan, kò wọlé. Ó gbìyànjú òmíràn. Bàbá mi ní kó yí i díẹ̀ sí òsì. Kò wọlé. Ó ní ṣé ihò náà dọ̀tí ni? Ìyá mi ní kò dọ̀tí. Ó ní ṣé ó fẹ̀ tó báyìí? Ìyá mi ní òun kò mọ bí "báyìí" ṣe fẹ̀ tó. Bàbá mi bi í léèrè òmíràn, ó tún bi í, lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Mo rí ojú rẹ̀ tó ń padà sí bó ṣe máa ń rí nínú yàrá.

"Mi ò rí i," ni ó wí. "Ìyá Mémúnà, mi ò rí i. Ẹ pe ẹlòmíràn."

Ó ti ń fọwọ́ wá ògiri láti dìde. Ìyá mi jáde nínú ọkọ̀. Kò bẹ̀ ẹ́, kò sì bá a jà. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á dìde fúnra rẹ̀, ó mú un dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó tẹ orí rẹ̀ ba kó má baà gbá òrùlé, ó sì mú un jókòó sórí àga onímọ́tò. Bàbá mi kò tíì jókòó síbẹ̀ látìgbà tó ti fi ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ìyá mi mú ìka rẹ̀, ó gbé e lé ihò náà.

"Ẹ fọwọ́ wò ó."

Ìka bàbá mi wọ inú ihò náà, ó yí ká ẹnu rẹ̀, ó kọjá sí èkejì. Ó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì, ó fọwọ́ kan ìlà kúté tó ti gbẹ. Ó mí kanlẹ̀. "Okùn rẹ̀ wẹ́," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Bóòtù tèmi ló tóbi jù. Mémúnà, agolo mílíìkì kan wà nísàlẹ̀ àpótí, da ohun tó wà nínú rẹ̀ sí mi lọ́wọ́." Mo da bóòtù wẹẹrẹ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ń fi ìka yẹ̀ wọ́n wò, ó ju ọ̀kan nù, ó ju òmíràn nù, ó mú ọ̀kan, ó mú ìkejì rẹ̀. Ó ki wọ́n bọ inú ihò náà fúnra rẹ̀. Wọ́n wọlé ṣinṣin.

Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí ìyá mi máa bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ìyá mi ti gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé, ó ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ìyá mi ló yí bóòtù ńlá àárín púlà, ọwọ́ bàbá mi wà lórí sítíárì, ó ń tẹ́tí. "Rọra. Díẹ̀ sí i. Jẹ́ kí ó mí. Díẹ̀ sí i." Irin náà ké kíkìkí. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ ọ, gbogbo wa, àtàwọn ọmọ tó wà lórí ògiri: kọ́! Sítíárì fò díẹ̀, nọ́ọ̀tì sì dá a dúró gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ti wí. Ìyá Àgbà ní, "Àlùhámúdù lílàhì!" Alfa náà wí i láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Múfú gbàgbé àtàǹpàkò rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó sì tún pariwo.

Wáyà pẹlẹbẹ náà ti já lóòótọ́. Múfú fi ọ̀kadà lọ sí Ọ̀fà Garage láti wá irú rẹ̀, ó dé lẹ́yìn ìrun Àìlà, wọ́n sì to gbogbo rẹ̀ padà. Bàbá mi ní kí wọ́n rí i pé wáyà tuntun náà lè yí dọ́gba sí ọ̀tún àti sí òsì kí wọ́n tó gbé sítíárì lé e, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò tún já nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ́nà. Ìlà kúté bá ìlà kúté. Wọ́n dé nọ́ọ̀tì le, wọ́n dá ẹ́ábáàgì padà sí àyè rẹ̀, báàtìrì ni wọ́n fi parí, kò sì sí ẹni tó jókòó síwájú sítíárì nígbà tí wọ́n so ó. Iná pupa tàn, ó kú. Ìyá mi ní kí bàbá mi tẹ fèrè náà wò. Bàbá mi ní òun kọ́ ló tú u. Ni ìyá mi bá tẹ̀ ẹ́, àwọn àgbò já okùn lẹ́yìn ilé, a sì fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn lé wọn kiri Gàmbàrí.

Mo bi ìyá mi léèrè lọ́dún tó kọjá pé ṣé ẹ̀rù kò bà á lọ́jọ́ yẹn. Ìlá ló ń rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń sọ ọ́ ni mò ń rí i. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti sọ nǹkan fún mi tó yé mi bẹ́ẹ̀." Mo ti rí àwọn tó mọṣẹ́, mo sì ti rí àwọn tó nígboyà. Méjèèjì jókòó pa pọ̀ nínú ọkọ̀ kan lójú mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, n kò sì rò pé mo lè rí ohun tó dára ju ìyẹn lọ.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn ọmọ ti kún ẹ̀yìn ọkọ̀, ìyá mi ti ká aṣọ sábẹ́ ìdí, mo sì fẹ́ wọlé síwájú bí mo ti máa ń ṣe, nígbà tí ilẹ̀kùn yàrá bàbá mi ṣí. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Bọ́tìnnì kan ti ṣì wọ ihò èkejì rẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún un. Ó fọwọ́ tọ ògiri, ó tọ ara ọkọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Mémúnà, lọ sẹ́yìn." Mo lọ sẹ́yìn. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ lé itan.

Ìyá mi kò ṣáná. "Bàbá Mémúnà, níbo?"

"Tí o bá ti já àwọn ọmọ sílẹ̀ ní Fate tán," ni ó wí, "bá mi kọjá sí Ọ̀fà Garage. Mo ti pẹ́ kí n tó lọ síbi iṣẹ́."